Ọ̀pá Kan, Ẹni Mẹ́rin

Eré ìje tí ẹni mẹ́rin ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn kì í ṣe eré ẹnìkan. Ní ìdíje Olympics ti ọdún 1996 ní Atlanta, Falilat Ògúnkọ̀yà, ọmọ Òde-Lẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, sá eré mítà 400 fún ara rẹ̀, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ. Nígbà tí òun, Bísí Afọlábí, Fatima Yusuf àti Charity Opara pawọ́ pọ̀, fàdákà ni wọ́n gbà. Ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 21.04 ni wọ́n lò; Amẹ́ríkà lo ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20.91, Jámánì tó ṣe ẹ̀kẹta lo ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 21.14. Bí ẹni ṣẹ́jú ni ìyàtọ̀ náà. Bí ẹnìkan bá ta kókó níbi gbígba ọ̀pá, gbogbo wọn ló pàdánù. Ẹnìkan kì í sáà jẹ́ àwá dé.