Òkúta Ló Yẹ Kó Yan Fáníṣì Fún Tábìlì

Ní Arizona, New Mexico àti Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn káfíńtà fẹ́ràn láti fi igi mesquite kan tábìlì. Igi náà le, ó sì pọ́n, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń là, ihò sì máa ń wà lára rẹ̀. Dípò kí wọ́n gé ibẹ̀ dànù, wọ́n á fọ́ turquoise, òkúta aláwọ̀ ojú ọ̀run tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Pueblo ti ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ kí òyìnbó tó débẹ̀, sí wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o sínú ibi tó là, wọ́n á sì da gọ́ọ̀mù epoxy lé e. Igi mesquite kì í fẹ̀ tàbí kó súnkì púpọ̀ bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà, nítorí náà òkúta kì í tètè ṣí kúrò lára rẹ̀. Iṣẹ́ fífi òkúta dí igi yìí ni gbogbo èèyàn máa ń yìn. Lójú tèmi, ìparí iṣẹ́ ló le jù, òkúta ló sì yẹ ká rò, kì í ṣe igi, ká tó mú fáníṣì.

Òkúta le ju igi lọ. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ lásán tẹ sáńpépà mọ́ ọn, igi nìkan ni yóò jẹ, òkúta á wá yọ gọngọ bí eegun ẹ̀yìn. Orí ègé pákó pẹlẹbẹ tó le ni kí wọ́n ká sáńpépà lé, kí wọ́n ti orí sáńpépà nọ́ńbà 80 bọ́ sí 120, kí wọ́n fi 220 parí rẹ̀. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbọn eruku igi kúrò dáadáa, torí eruku pupa yẹn máa ń wọ ihò kéékèèké ara òkúta, á sì dọ̀tí ibi tó yẹ kó mọ́ kedere. Ihò wọ̀nyí gan-an ni ẹ̀rí mi. Bàbà ló fún turquoise láwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta náà ń mu nǹkan: òróró, àní òógùn ọwọ́ pàápàá, lè sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé. Àwọn kan á ní gọ́ọ̀mù ti bò ó. Òótọ́ ni, àmọ́ sáńpépà ti gé orí rẹ̀, ojú tuntun tí gọ́ọ̀mù lè má dé ló wà níta báyìí. Òkúta tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù rẹ kí wọ́n tó tà á nìkan ni ẹ̀rù rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bani.

Àwọn tó fẹ́ràn òróró linseed ní àwíjàre gidi: ọwọ́ ń mọ ara igi, bí ibì kan bá sì ha, kò ní kí wọ́n fá gbogbo tábìlì. Fún igi nìkan, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí tábìlì oúnjẹ tí òkúta wà lára rẹ̀, fáníṣì polyurethane tí kì í dán yanran, tí wọ́n kùn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ló ń dá epo ọbẹ̀ dúró. Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó mú ègé pákó tó ṣẹ́kù, kó fi òkúta kan náà sí i, kó fi òróró pa apá kan àti polyurethane pa apá kejì, kó sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó fọwọ́ kan tábìlì.