Kómbì Zimbabwe ló la ọmọ yunifásítì Amẹ́ríkà lójú

Ẹ dúró sí etí títì ńlá kan láàárọ̀, kí ẹ máa ka mọ́tò tó ń kọjá. Ẹ ó rí i pé dẹ́rẹ́bà nìkan ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ìjókòó mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣófo, epo ń jó, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń lọ síbi kan náà wà nínú oòrùn, ó ń wá ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí ọkàn ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Logan Green balẹ̀ ní Los Angeles, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nítorí inú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ló dàgbà sí.

Nígbà tí Green wọ yunifásítì ní Santa Barbara, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ nílé, kó lè mọ̀ bóyá èèyàn lè rìn láìní mọ́tò. Ojú rẹ̀ rí nǹkan. Bọ́ọ̀sì kì í dé ibi gbogbo, nígbà tó bá sì fẹ́ rìnrìn àjò, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti máa ń wá ẹni tí yóò gbé e, láìmọ irú ẹni tí onítọ̀hún jẹ́. Ó tilẹ̀ wọ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó bọ́ọ̀sì ìlú náà. Ibẹ̀ ló ti rí i pé owó tí èrò ń san kò tó gbọ́ bùkátà bọ́ọ̀sì, ìjọba ló ń fi kún un.

Ní 2005 ló lọ sí Zimbabwe. Kò pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ tó ní mọ́tò tiwọn, kómbì ni wọ́n jọ ń wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ danfo rí, ẹ ti mọ kómbì nìyẹn. Èrò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, kò sí ìjókòó kan tó ṣòfò. Ohun tí àwa ń ráhùn lé lórí lójoojúmọ́ ni ọmọ òyìnbó yìí wò, tó sì rí ọgbọ́n nínú rẹ̀. Bó ṣe padà délé ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò kan fún kọ̀ǹpútà, ó sọ ọ́ ní Zimride. Láti ara Zimbabwe ló ti mú orúkọ náà.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní mọ́tò á kọ ibi tó ń lọ sílẹ̀, ọjọ́ tó ń lọ, iye ìjókòó tó ṣófo àti iye tó fẹ́ kí wọ́n dá sí owó epo. Ẹni tó bá fẹ́ bá a lọ á fèsì. Àmọ́ ìyá wo ló máa gbà kí ọmọ òun wọ mọ́tò ẹni tí kò mọ̀ rí? Ibẹ̀ ni ìṣòro gan-an wà. Nígbà tí Facebook ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn tó ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 2007, Green so Zimride mọ́ ọn, kí dẹ́rẹ́bà àti èrò lè rí orúkọ, àwòrán àti ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ní. Àwọn àgbà wa náà kì í gba àlejò sílé láìbéèrè pé, "Ọmọ ta ni ọ́?"

Orí Facebook náà ni ọ̀rẹ́ kan ti so ó pọ̀ mọ́ John Zimmer, ẹni tó kàwé gboyè ní Yunifásítì Cornell. Cornell ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Ìlú Ithaca tí ilé-ìwé yìí wà jìnnà sí New York, ó ju ìrìn wákàtí mẹ́rin lọ, bí ìsinmi bá sì dé, ojú ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń tọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn méjèèjì wọ aṣọ ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n ń pín ìwé ìpolówó kiri ọgbà. Ilé ìfowópamọ́ Lehman Brothers ni Zimmer ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2008, kò sì ju oṣù díẹ̀ lọ tí Lehman fi wó lulẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà.

Àwọn yunifásítì ló ń sanwó fún Zimride, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tiwọn nìkan lè jọ máa lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀melòó ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ilé lọ́dún? Èyí ló jẹ́ kí wọ́n dá Lyft sílẹ̀ ní San Francisco ní 2012, fún ìrìn kúkúrú nínú ìlú, tí èèyàn á máa fi fóònù pe ọkọ̀. Ní 2013 wọ́n ta Zimride fún Enterprise, iléeṣẹ́ tó ń fi mọ́tò háyà. Lyft di ńlá, ó wọ ọjà ìpín-ìdókòòwò ní 2019, àwọn méjèèjì sì kúrò nídìí àkóso rẹ̀ ní 2023. Lójú tèmi o, takisí ni Lyft. Iṣẹ́ ni dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ń ṣe, kì í ṣe ẹni tó ń lọ sílé tó ní kí ọmọ kíláàsì òun jókòó tì òun.

Wọ́n gbìyànjú irú rẹ̀ nílé wa náà. Damilola Teidi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé GoMyWay jáde ní 2015, àmọ́ ó ti kógbá wọlé. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, gáréèjì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ṣì ń gbà lọ.