Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Kọ̀tàn, Ẹ Wo Ìsàlẹ̀ Èkó Kẹ́ ẹ Tó Dá Oṣù Tiyín Sílẹ̀!

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ìtàn ìlú tí kò sí láyé yìí ti ń pọ̀. Bí wọ́n bá dá ọba àti iwin inú ìtàn tán, wọn a tún dá ọjọ́ àti oṣù: ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá, orúkọ oṣù tí ahọ́n ò lè pè. Kò burú. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ wọ̀nyẹn! Ibẹ̀ ló ti ń bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ má rò pé inú ìtàn nìkan ni wọ́n ti ń dá àkókò o. Wọ́n dá a fún Èkó náà. Ní July 1, 1905, ìjọba òyìnbó ní kí aago Èkó máa bá ti Greenwich rìn. Ní July 1908, wọ́n dá a padà sí ti oòrùn Èkó gan-an, ìyẹn ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 síwájú Greenwich. Ní January 1914, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní September 1919, ó di wákàtí kan, òun la ṣì ń lò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọdún 14! Oòrùn kan náà ló sì ń yọ lórí Ọ̀sà.

Ẹ wá wo ti Ìsàlẹ̀ Èkó. Kì í ṣe kàlẹ́ńdà ló ń mú ọjọ́ Adámú Òrìṣà, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀yọ̀. Ó lè tó ọdún mélòó kan kí wọ́n tó ṣe é, torí òkú ọba, ìjòyè tàbí èèyàn ńlá ni wọ́n sábà ń fi ṣẹ̀yẹ fún. Àmọ́ bó bá ti kù ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ò ní í ṣì í mọ̀. Adímú a jáde lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú akẹtẹ̀ dúdú. Làbà alákẹtẹ̀ pupa ló ni ọjọ́ Ajé. Oníko ni Ìṣẹ́gun, tiẹ̀ jẹ́ yẹ́lò. Ológèdè ni Ọjọ́rú, àwọ̀ ewé. Àgẹ̀rẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀, elésè-àlùkò. Tó bá di Àbámẹ́ta, Ẹ̀yọ̀ kún ìgboro fọ́fọ́. Ẹni tó bá ti rí akẹtẹ̀ mọ ọjọ́ tòní, kò dìgbà tó bá bèèrè. Òǹkọ̀tàn wo ló ro irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí?

Torí náà, bẹ́ ẹ bá dá ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú inú ìwé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa: ọjọ́ wo ni wọ́n ń nájà níbẹ̀? Ọjọ́ wo lẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà kọjá lójú títì, bíi ti ọjọ́ Ẹ̀yọ̀? Ẹ fi orúkọ oṣù sílẹ̀ ná.