Lẹ́tà Mẹ́ta Lára Ọkọ̀ Òfúrufú

Ní Warsaw, olú ìlú Pólándì, ni a bí Stanisław Wigura ní ọdún 1901. Nígbà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Rogalski àti Drzewiecki, ń kan ọkọ̀ òfúrufú nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn, RWD, ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ wọn lórúkọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1932, Wigura àti awakọ̀ rẹ̀, Żwirko, fi RWD-6 gba ipò kìíní nínú ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè tí ó parí ní Berlin. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ìjì fi ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà Prague. Apá ọkọ̀ náà ya, àwọn méjèèjì sì kú. Ẹni ọdún 31 ni Wigura.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò pa W rẹ́. RWD ni wọ́n ń pe àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí iṣẹ́ tí a jọ ṣe bá lókìkí lọ́la, ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé ẹni tí a jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.