Ẹ gba ìtọ́jú nílẹ̀ òkèèrè, ẹ padà sílé: níbo ni àkọsílẹ̀ ìlera yín wà?

Kí ará Nàìjíríà tó fẹ́ lọ pààrọ̀ kíndìnrín ní Íńdíà tó wọ bàálù, àkọsílẹ̀ ìlera rẹ̀ ti máa ń ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Àwọn ẹbí yóò ya fọ́tò èsì àyẹ̀wò rẹ̀, wọn yóò fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí ímeèlì. Ilé ìwòsàn ní Chennai tàbí Delhi yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sọ iye owó tí ìtọ́jú náà máa jẹ́, yóò sì kọ lẹ́tà tí wọn yóò fi gba físà ìtọ́jú.

Ìgbà tó bá ń padà bọ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ṣe fún un wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn lọ́hùn-ún. Ohun tó sábà máa ń wà nínú báàgì rẹ̀ ni ìwé mélòó kan, òògùn, àti àwo CD tí kọ̀ǹpútà dókítà rẹ̀ nílé lè máà ní ibi tí wọ́n ti ń kì í bọ̀ ọ́ mọ́.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Onílé ń padà wálé lóòótọ́, àmọ́ àkọsílẹ̀ rẹ̀ kì í sábà bá a bọ̀.

Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì?

Ẹni tí wọ́n bá pààrọ̀ kíndìnrín fún gbọ́dọ̀ máa lo òògùn tí kò ní jẹ́ kí ara rẹ̀ kọ kíndìnrín tuntun náà, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín ọ̀hún bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan lára àwọn òògùn bẹ́ẹ̀ ni tacrolimus. Bó bá kéré jù nínú ẹ̀jẹ̀, ara lè kọ kíndìnrín náà. Bó bá sì pọ̀ jù, òògùn náà fúnra rẹ̀ lè ba kíndìnrín ọ̀hún jẹ́.

Nítorí náà, dókítà tó máa tọ́jú aláìsàn náà ní Ìbàdàn, Àbújá tàbí Cotonou nílò ju gbólóhùn kan tó sọ pé "iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere" lọ. Ó ní láti mọ ìwọ̀n òògùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ilé iṣẹ́ tó ṣe òògùn tí aláìsàn ń lò, àti iye creatinine rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Láìsí èyí, kò ní mọ̀ bóyá iye tó rí lónìí ń lọ sókè tàbí ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ pààrọ̀ fáàfù ọkàn rẹ̀, tó ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì.

Kọ̀ǹpútà pọ̀, kí ló dé tí wọn kò gbédè ara wọn?

Ti àwòrán ló rọrùn jù. Láti ọdún 1993 ni ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní DICOM ti wà. Àwòrán CT tàbí MRI tí wọ́n bá fi ìlànà yìí pamọ́ ní Delhi ṣeé ṣí ní Èkó. Àmọ́ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, orúkọ òògùn àti ohun tí dókítà kọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ń lò yàtọ̀ síra, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í sì í bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Íńdíà ti gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2021, ìjọba ibẹ̀ fẹ ètò Ayushman Bharat Digital Mission dé gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ètò yìí ń fún ará ìlú ní nọ́ńbà ìlera oní díjíìtì 14. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ Aadhaar ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbà á. Àmọ́ kí àlejò tó lè gba Aadhaar, ó gbọ́dọ̀ ti gbé ní Íńdíà fún ọjọ́ 182 ó kéré tán láàárín oṣù 12. Ẹni tó wá fún ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò lè ní in.

Ìwé ìrìnnà ni ilé ìwòsàn fi ń dá àlejò mọ̀, lẹ́yìn náà wọn yóò fún un ní nọ́ńbà tiwọn. Bí ará Nàìjíríà bá sì gba ìwé ìrìnnà tuntun, nọ́ńbà ìwé náà yóò yí padà. Bí ó bá padà lọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí wọ́n tún kọ orúkọ rẹ̀ lọ́nà mìíràn, ẹnìkan ṣoṣo lè di ènìyàn méjì nínú kọ̀ǹpútà.

Nílé, oṣù Kẹta ọdún 2024 ni ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò láti so àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn pọ̀. Síbẹ̀, káàdì àti fáìlì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ṣì ń lò.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí àkọsílẹ̀ sọdá bodè?

Ó ṣeé ṣe, a sì ti rí i. Nígbà Hájì ọdún 2024, àwọn arìnrìnàjò tó lé ní 250,000 láti Indonesia, Malaysia àti Oman lo káàdì ìlera tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣètìlẹ́yìn fún. Àkópọ̀ ṣókí ló wà nínú rẹ̀: àìsàn tí ènìyàn ní, òògùn tó ń lò, ohun tí ara rẹ̀ kò gbà, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ti gbà. Kì í ṣe gbogbo fáìlì ló gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò. Èyí tó lè gba ẹ̀mí là ló ṣe kókó.

Ewu tó wà níbẹ̀, àti ẹ̀tọ́ yín

Kọ̀ǹpútà náà lè kọsẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti àwọn ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn ńlá AIIMS ní Delhi ń kó àkọsílẹ̀ sí pa. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kọ nǹkan sílẹ̀. Bákan náà, èsì àyẹ̀wò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí alágbàtà lórí WhatsApp lè wà lórí fóònù rẹ̀ títí lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbàgbé rẹ̀.

Ìlànà tó de àwọn dókítà Íńdíà láti ọdún 2002 sọ pé bí aláìsàn bá béèrè fún àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fún un láàárín wákàtí 72. Ọdún mẹ́ta ni ìlànà náà ní kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn lè tọ́jú rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé e.

Ní Nàìjíríà, òfin ààbò dátà ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó gba ìṣọ́ra pàtàkì, ó sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà dátà yín.

Ohun tó yẹ kí ẹ gbà kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn

• Ìwé tí dókítà kọ nígbà tó dá yín sílẹ̀, tó sọ irú iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àti orúkọ gidi òògùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un nìkan.

• Gbogbo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe ti ìkẹyìn nìkan.

• Àwòrán CT tàbí MRI ní ìlànà DICOM lórí fláàṣì. Fọ́tò tí ẹ fi fóònù yà kò tó. Bó bá jẹ́ líǹkì ni wọ́n fún yín, ẹ béèrè ọjọ́ tí yóò parí.

• Nọ́ńbà tí ilé ìwòsàn fún yín, àti ẹ̀dà ìwé ìrìnnà tí ẹ lò, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá gba tuntun.

• Ímeèlì ẹ̀ka tó tọ́jú yín, kí dókítà nílé lè kọ̀wé sí wọn tààrà.

• Ní ti ọjọ́, ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù. 03/04 lè jẹ́ oṣù Kẹta fún ẹnìkan, kó jẹ́ oṣù Kẹrin fún ẹlòmíràn.

• Ẹni tó ti Benin tàbí Togo lọ, kí ó béèrè bóyá wọ́n lè kọ àkópọ̀ náà ní èdè Faransé.

Kí ẹ tó rìnrìn àjò pàápàá, ẹ wá dókítà tí yóò máa tọ́jú yín tí ẹ bá dé, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó máa fẹ́ rí. Ohun tó bá sọ ni kí ẹ béèrè fún lọ́hùn-ún, nígbà tí ẹ ṣì wà níwájú wọn.