Kí ló ń sọ ọkọ̀ àtijọ́ di ojúlówó? Ẹ̀kọ́ inú ẹjọ́ Bentley kan fún Ojú Ore

Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan, tí wọ́n tún ara rẹ̀ rọ, tí wọ́n sì yọ ṣáásì rẹ̀, ìyẹn férémù irin tí gbogbo ẹ̀yà yòókù jókòó lé, ṣé ọkọ̀ àkọ́kọ́ náà ló ṣì wà nílẹ̀, àbí òmíràn ti gba ipò rẹ̀? Ní oṣù Keje ọdún 1990, ilé-ẹjọ́ gíga ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáhùn ìbéèrè yìí nínú ẹjọ́ lórí Bentley aláìlórùlé kan tí wọ́n ń pè ní Old Number One. Ìdáhùn náà wúlò fún Ojú Ore ní Ọ̀tà, níbi tí pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì àti títún ara ọkọ̀ rọ ti jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ àwọn mẹkáníìkì.

Ọdún 1919 ni W. O. Bentley dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àìtó owó ń dà á láàmú títí Woolf Barnato fi gba àkóso rẹ̀ ní 1926. Ọrọ̀ tí Barnato ná síbẹ̀ ti ilẹ̀ Áfíríkà wá, nítorí pé ìwakùsà dáyámọ́ńdì ní Kimberley, ní Gúúsù Áfíríkà, ni bàbá rẹ̀ fi di olówó. Barnato fúnra rẹ̀ jẹ́ awakọ̀ eré-ìje: òun àti Tim Birkin ló wa Old Number One, tó jẹ́ Bentley irú Speed Six, gba ipò kìíní ní Le Mans, eré-ìje wákàtí 24 tó máa ń wáyé ní Faransé, ní 1929, òun àti Glen Kidston sì tún fi í gbégbá orókè ní 1930. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń tọ́jú ọkọ̀ eré-ìje bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n máa ń tú u palẹ̀ lẹ́yìn ìdíje, wọ́n á yọ ohun tó ti gbó, wọ́n á sì fi èyí tó lágbára jù ú lọ dípò. Ní 1932 wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì ńlá oní-lítà 8 sínú rẹ̀ fún ìdíje kan ní Brooklands, níbi tí ọkọ̀ náà ti fò kọjá etí ọ̀nà, tí awakọ̀ rẹ̀, Clive Dunfee, sì kú. Wọ́n tún ọkọ̀ náà kọ́ lẹ́yìn ìjàǹbá yìí, ó sì ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tó di 1990, Ed Hubbard tó ni ín gbà láti tà á fún ilé-iṣẹ́ Middlebridge Scimitar ní mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n olùrà yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní kì í ṣe ọkọ̀ tó borí ní Le Mans ni wọ́n fẹ́ tà fún òun. Adájọ́ Otton yẹ ẹ̀yà ọkọ̀ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé kò sí ohun kan pàtó tó ṣẹ́kù láti 1929 yàtọ̀ sí àwọn nǹkan kéékèèké tí ọjọ́ orí wọn ṣòro láti mọ̀, pé àpótí gíà, òpó ìdarí àti ọ̀pá pẹ́dàlì nìkan ló kù láti 1930, àti pé ọ̀pọ̀ nínú ìyókù, títí kan férémù rẹ̀, jẹ́ ti 1932. Síbẹ̀ ó dá Hubbard láre. Adájọ́ náà ṣàlàyé pé a kò lè pe ọkọ̀ náà ní àkọ́ṣe tí ọwọ́ kò kàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àdàkọ tí wọ́n kàn ṣe láti jọ ti tẹ́lẹ̀. Ojúlówó Old Number One ni, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà tuntun wọ inú ti àtijọ́, láìsí àkókò kankan tí ọkọ̀ náà pàdánù ẹni tó jẹ́. Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ eégún ìdílé, tí wọ́n ń fi aṣọ tuntun kún ẹ̀kú rẹ̀ lọ́dọọdún, síbẹ̀ tí orúkọ àti oríkì rẹ̀ kò yí padà.

Kí ìtàn ọkọ̀ má bàa já, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà. Ní 1921 ni Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá ni ín sí ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Títí di 2025, ìjọba ibẹ̀ tún ní ìlànà máàkì fún ọkọ̀ tí wọ́n yí padà gidigidi: ṣáásì àkọ́kọ́ gba máàkì 5, ẹ́ńjìnnì gba 1 péré, ó kéré tán ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ ní máàkì 8 kó tó lè mú nọ́ńbà rẹ̀ dání. Èyí fi hàn pé lójú ìlànà náà, férémù ló sún mọ́ ìdánimọ̀ ọkọ̀ ju ohun tó ń mú un sáré lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ojú Ore nítorí pé ojú ọ̀nà tó ti Sángo gba Ọ̀tà lọ sí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò ló wà, ọ̀nà tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Kútọnu ń gbà wọlé kí ìjọba tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé ní oṣù Kìíní 2017. Òfin Nàìjíríà kò tún fàyè gba kíkó ọkọ̀ àlòkù tó ti ju ọdún 12 lọ wọlé, nítorí náà ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí ènìyàn lè rí tún ṣe níbí kò ju àwọn tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí Morris Minor fi ń ṣe takisí l'Ékòó. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì jìnnà sí iná, torí irin àlòkù wà lára ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ayọ́rin ní agbègbè Ọ̀tà ń lò.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ ni títúnṣe tọ́ sí, ṣá. Wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí Nàìjíríà nígbà náà, sínú Mercedes-Benz dúdú kan ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1976, ọkọ̀ náà sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Oníkan l'Ékòó pẹ̀lú ihò ọta ìbọn lára. Ẹni tó bá di ihò wọ̀nyẹn, tó sì kùn ún ní ọ̀dà tuntun, ti pa ẹ̀rí rẹ́.

Ohun tí ẹjọ́ 1990 fi lé àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe lọ́wọ́ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan kò tó. Panẹ́ẹ̀lì-bítà tó bá ya àwòrán ọkọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án, tó tọ́jú rìsíìtì ẹ̀yà tó rà, tó sì kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó yọ àti èyí tó fi rọ́pò rẹ̀ sílẹ̀, ti fún oníbàárà rẹ̀ ní ẹ̀rí ìtàn tí kò já, irú ìtàn tí Hubbard fi jàre nílé ẹjọ́.