Ṣé O Mọ̀? Pápákọ̀ Tí Òkun Ń Bò Mọ́lẹ̀, Àti Àwọn Ìyanu Mìíràn

Bí o bá gba ọ̀nà Ìjàn jáde ní Adó-Èkìtì, tí o kọjá Pólì, tí o tún kọjá Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá, wàá kan pápákọ̀ òfurufú tí bàálù àkọ́kọ́ balẹ̀ sí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí ń kógbá sílé. Oko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, títì tí bàálù ń sá lé níbẹ̀ gùn tó kìlómítà 3.2. Ìbéèrè tí èmi àti àwọn tí a jọ ń gba ibẹ̀ lọ sí Ìlúọmọba máa ń bi ara wa nínú mọ́tò ni pé, ìlú kékeré, kí ló fẹ́ fi bàálù ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tó kéré ju tiwa lọ tó ní bàálù, n kò sì mọ ìgbà tí mo bá ara mi láàrin òkun.

Ṣé o mọ̀ pé bí a bá gé títì bàálù ọ̀nà Ìjàn sí ọ̀nà mẹ́jọ, ẹyọ kan péré nínú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí Saba ní? Mítà 400. Erékùṣù abẹ́ ìjọba Netherlands ni Saba, ní òkun Caribbean, òkè ayọnáyèéfín kan tó yọ orí sókè láti inú omi ni gbogbo rẹ̀. Ará Èkìtì mọ òkè, ṣùgbọ́n òkè tiwọn yìí kò fi ilẹ̀ pẹrẹsẹ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gbun ló wà ní ìpẹ̀kun títì náà méjèèjì, òkun sì wà nísàlẹ̀ ọ̀gbun. Ní 1959, awakọ̀ òfurufú kan tó ń jẹ́ Rémy de Haenen wo ibì kan tó tẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó ní bí wọ́n bá lè kó òkúta ibẹ̀ kúrò, òun á balẹ̀ sí i. Ará ìlú jáde. Wọ́n fi ọwọ́ àti bárò kó òkúta, bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti bá àna rẹ̀ ro oko. De Haenen balẹ̀ lóòótọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni pápákọ̀ gidi tó ṣí. Àwọn ènìyàn yìí kan náà ni àwọn ẹnjiníà ti sọ fún pé ọ̀nà mọ́tò kò lè ṣeé là ní ìlú wọn. Ọmọ ìlú kan, Lambert Hassell, fi lẹ́tà kọ́ iṣẹ́ ọ̀nà lílà, ó sì kó ìlú jọ, wọ́n là á.

Láàrin Westray àti Papa Westray, erékùṣù méjì ní àríwá Scotland, láti 1967 ni bàálù ti ń ná ìrìn kìlómítà 2.7. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n kọ sínú ìwé ìrìnnà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ti bàálù lẹ́yìn, wọ́n ti fi ìṣẹ́jú-àáyá 53 dé ibẹ̀ rí. Kí ọlọ́kadà Ọjà Ọba ní Adó tó rí ṣéńjì fún ọ, wọ́n ti dé.

Ní Barra, tó jẹ́ erékùṣù Scotland bákan náà, kò tilẹ̀ sí títì. Orí iyanrìn etí òkun ni bàálù ń balẹ̀ sí, láti 1936. Bí òkun bá kún, omi á bo pápákọ̀ mọ́lẹ̀; bí ó bá fà, iyanrìn á le, bàálù tó ti Glasgow wá á sì balẹ̀, omi á máa ta lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àkókò bàálù wọn kì í fi dúró sójú kan: òkun ló ń sọ ìgbà tó yẹ, òṣìṣẹ́ kàn ń dà á kọ ni. Orí iyanrìn yẹn náà ni ará ìlú ti ń wa ẹran inú ìkarahun fún jíjẹ. Àmì wọn ni aṣọ tí wọ́n so mọ́ orí òpó láti fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ọjọ́ tí aṣọ náà bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kí oníkarahun gbé agbọ̀n rẹ̀ kúrò lọ́nà.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n lè wọn ìwọ náà lórí òṣùwọ̀n kí o tó wọ bàálù? Bàálù kékeré kì í fi ọ̀rọ̀ ìwúwo ṣeré. Ibi tí kálukú jókòó sí lè yí ìdúró rẹ̀ padà lókè. Ní 2013, Samoa Air, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní òkun Pàsífíìkì, di ìlúmọ̀ọ́ká nítorí pé bí èrò bá ṣe wúwo sí, tòun tẹrù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó tí yóò san. Mo rántí iyán tí mo gbé mì ní Ìjàn láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ka ìròyìn yìí, mo sì dúpẹ́ pé Samoa jìnnà.

Èyí tó kàn wá gan-an ni ti ogun abẹ́lé, láàrin 1967 sí 1970. Pápákọ̀ erékùṣù méjì ló gbé oúnjẹ àwọn tí ebi ń pa ní Biafra sọ́rùn. Red Cross ń gbéra láti Fernando Po, erékùṣù tí àwọn òṣìṣẹ́ láti Nàìjíríà ń pè ní Panya. Àwọn ìjọ Kristẹni ń gbéra láti São Tomé, tó wà lábẹ́ Portugal nígbà náà. Uli ni wọ́n ń lọ, Uli kì í sì í ṣe pápákọ̀ tẹ́lẹ̀ rí: ọ̀nà mọ́tò ni, wọ́n kàn fẹ̀ ẹ́ ni. Òru ni wọ́n ń balẹ̀, nítorí bàálù ológun ìjọba àpapọ̀ ń ṣọ́ ibẹ̀. Awakọ̀ á máa yí po nínú òkùnkùn lókè. Àwọn tó wà nílẹ̀ á tanná fún ìwọ̀nba àkókò tó tó láti fi balẹ̀, wọ́n á tún pa á. Kíá, wọ́n á já ẹrù: iyọ̀, wàrà oníyẹ̀fun, pańlá láti Norway. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti wà lórí òkun padà. Lẹ́tà J, C àti A ni wọ́n fi ń gé orúkọ àjọ àwọn ìjọ náà kúrú, ni àwọn ènìyàn bá yí i sí Jesus Christ Airlines. Ìrìn tí wọ́n rìn lé ní 5,000, àwọn awakọ̀ kan sì kú sídìí rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, bàálù Super Constellation méjì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ São Tomé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tó tún fò wọ́n mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé lásìkò ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, bàálù South Africa ní láti máa yà mu epo ní erékùṣù Sal, ní Cape Verde, nítorí pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kò gbà kó fò kọjá lórí ilẹ̀ wọn?

St Helena ni kò jẹ́ kí n sùn. Àárín òkun Àtìláńtíìkì ló wà, ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì há Napoleon mọ́ láti 1815 títí ó fi kú ní 1821. Ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 5,000. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú omi láti Cape Town ni wọ́n ń wọ̀, nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún lójú omi. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá ná £285 mílíọ̀nù láti kọ́ pápákọ̀ fún wọn; odindi àfonífojì kan ni wọ́n fi òkúta dí kí ilẹ̀ tó tẹ́. Ní 2016, bàálù ìdánwò dé, wọ́n sì rí i pé afẹ́fẹ́ orí òkè ibẹ̀ ń yí padà lójijì, ó ń ti bàálù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ewé. Ni ìṣílé bá dúró. Àwọn ìwé ìròyìn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní pápákọ̀ tí kò wúlò jù lọ láyé nìyẹn. Wọ́n fara dà á, wọ́n wá bàálù tó kéré ju ti ìdánwò, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ilé iṣẹ́ bàálù Airlink gbé èrò wá láti Johannesburg.

Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ pápákọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń wo ibi tí ọ̀nà rẹ̀ yóò gbà kọjá ní àfonífojì Rupert, wọ́n kan egungun. Láti 1840, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń dá ọkọ̀ ẹrú dúró lójú òkun ti kó ènìyàn tó lé ní 25,000 sọ̀ sí erékùṣù náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì kú síbẹ̀. Láàrin 2007 sí 2008, àwọn awalẹ̀pìtàn hú òkú 325, ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Inú àpótí ni wọ́n kó wọn sí fún ọdún mẹ́rìnlá. Ọdún 2022, ọdún tí bàálù kọ́kọ́ balẹ̀ ní ọ̀nà Ìjàn, ni wọ́n tó sin wọ́n padà.

Irú ọkọ̀ ogun bẹ́ẹ̀ ló gbé Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, dé Freetown ní 1822. Àkú ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀, nítorí “ẹ kú” tí kì í kúrò lẹ́nu wa. Ṣé o mọ̀ pé títí dòní, ẹni tó bá bàálù dé Freetown kò tíì dé Freetown? Lungi ni pápákọ̀ wà, ní òdìkejì omi gbalasa. Èrò á sọ̀ nínú bàálù, á tún wọ ọkọ̀ ojú omi, àfi bí ó bá fẹ́ fi ọ̀pọ̀ wákàtí yí omi náà po nínú mọ́tò. Kí ará Èkìtì má rẹ́rìn-ín jù: ọ̀pọ̀ ọdún ni púpọ̀ wa fi ń sá lọ wọ bàálù ní Àkúrẹ́.

Funafuti ni mo fẹ́ràn jù, ní Tuvalu. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló la títì bàálù síbẹ̀ ní 1943. Erékùṣù náà tín-ín-rín débi pé ilẹ̀ gbalasa tí ènìyàn lè ṣeré lé ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, bàálù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wá. Nítorí náà, nírọ̀lẹ́, títì bàálù ni pápá bọ́ọ̀lù. Àwọn mìíràn ń gun alùpùpù kọjá lórí rẹ̀. Bí ooru bá mú lóru, àwọn kan á tẹ́ ẹní, wọ́n á sùn síbẹ̀. Bí bàálù bá kù díẹ̀ kó dé, fèrè ńlá á dún fáà, kálukú á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á lé ajá kúrò. Bàálù á balẹ̀, á já èrò, á kó èrò, á gbéra. Ariwo rẹ̀ kì í tíì tán lókè tí ọmọ kan á ti gbé bọ́ọ̀lù padà sí àárín títì.